Rédíò tí ó ń Gbèsì: Bí a ṣe ń Tún Rédíò Àtijọ́ Ṣe kí ó lè Gbé Ọ̀rọ̀ Kíkọ

Nígbà tí àpótí rédíò kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Yorùbá, asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn bàbá wa sọ ọ́. Orúkọ náà bá a mu rẹ́gí. Bí a bá tú u palẹ̀ bí a ti máa ń ṣe ní kíláàsì, a ó rí i pé mọ́fíìmù àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- ni ó ṣáájú, sọ̀rọ̀ tẹ̀lé e, má tí í ṣe ti ìyísódì tẹ̀lé ìyẹn, gba àti èsì tí wọ́n ti sún kì di gbèsì sì kádìí rẹ̀. Ohun tí ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Bí o bá bú u, kò gbọ́. Bí o bá yìn ín, kò gbọ́. Rédíò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí nínú àpilẹ̀kọ yìí yàtọ̀ sí i. Ó ń sọ̀rọ̀, ó sì ń gba èsì. Nítorí náà ni mo ṣe yọ má kúrò nínú orúkọ náà, tí mo ń pè é ní asọ̀rọ̀gbèsì.

Àwọn tí ń lò ó ni mo pè ní onírédíò afẹ́. Wọn kì í fi rédíò ṣòwò, wọn kì í sì í fi ṣe ìròyìn fún ará ìlú. Ìjọba orílẹ̀-èdè wọn ni ó fún wọn ní ìwé àṣẹ àti àmì ìdánimọ̀, kí wọ́n lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì máa fi ṣe ìwádìí. Ní Nàìjíríà níhìn-ín, 5N ni àmì ìdánimọ̀ wọn fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ìwé yìí kò gbọdọ̀ fọhùn lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ní in. Rédíò méjì àti àpótí kan tí n ó dárúkọ níwájú ti wà lókè àjà ilé wọn kí wọ́n tó bí mi.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi lè máa béèrè pé kí ni ó kan ẹni tí ń kọ́ Yorùbá nínú iṣẹ́ àwọn tí ń tún rédíò ṣe. Àríyànjiyàn kan ni ó fà á. Ní ìpàdé kan, ọ̀kan nínú wa sọ pé kí á yé dààmú ara wa lórí àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ bí a bá ń kọ Yorùbá lórí ẹ̀rọ. Ó ní wọ́n ń jẹ àyè, wọ́n ń jẹ àkókò, àti pé ẹ̀rọ kò tilẹ̀ fẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi kò pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n n kò ní èsì kan lẹ́nu lọ́jọ́ náà, nítorí pé n kò mọ iye tí wọ́n ń jẹ gan-an. Lórí fóònù wa òde òní, gbogbo nǹkan yára tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lè fi ojú rí iye náà. Ó yẹ kí á wá ẹ̀rọ tí ó lọ́ra, tí ó sì ń ka ọ̀rọ̀ níkọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka owó ẹyọ. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni rédíò tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi kó sókè àjà.

Bí iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀ wá

N kò ní pẹ́ lórí ìtàn. Ní ọdún 1971, Norman Abramson àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Hawaii fi rédíò so kọ̀ǹpútà erékùṣù kan mọ́ ti òmíràn, wọ́n sì sọ ètò náà ní ALOHA. Ní 1978 ni ìjọba Kánádà gba àwọn onírédíò afẹ́ ibẹ̀ láyè láti ṣe irú rẹ̀, àwọn ará Montréal sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún náà gan-an. Àwọn ará Vancouver tẹ̀ lé wọn, wọ́n ṣe àpótí kékeré kan tí ó ń dúró láàrin kọ̀ǹpútà àti rédíò. Ó di 1980 kí ìjọba Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i fún àwọn tiwọn. Ẹgbẹ́ kan ní ìlú Tucson ní Arizona, tí wọ́n ń pè ní TAPR, ni ó wá ṣe èyí tí ó tàn ká ayé jù, TNC-2, ní 1985. Òfin tí gbogbo wọn ń tẹ̀ lé ni AX.25, èyí tí wọ́n tẹ ẹ̀dà rẹ̀ kejì jáde ní 1984.

Bíìtì 1200 ni irú rédíò bẹ́ẹ̀ ń gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá fi 8 pín in, báìtì 150 ni. Ẹni tí ó bá ń wo fíìmù lórí fóònù yóò rẹ́rìn-ín. Kí ó rọra rẹ́rìn-ín ṣá. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, ọ̀pọ̀ okùn íntánẹ́ẹ̀tì tí ó gba abẹ́ òkun kọjá gé nítòsí etíkun Ivory Coast, íntánẹ́ẹ̀tì sì dojú rú ní Nàìjíríà, ní Gánà àti ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Àwọn ilé ìfowópamọ́ kan kò lè sanwó fún oníbàárà wọn. N kò sọ pé rédíò yìí lè gba ipò okùn abẹ́ òkun, kò lè gbà á láéláé. Ṣùgbọ́n bátìrì ọkọ̀ kan àti antẹ́nà kan ni ó fẹ́, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni ní àárín ọ̀nà.

Ìdì ọ̀rọ̀

Ohun tí àwọn Òyìnbó ń pè ní packet ni mo ń pè ní ìdì ọ̀rọ̀. Ẹnì kan dábàá pé kí n pè é ní àrokò. Mo rò ó wò, n kò gbà. Àrokò ni pé kí ọba di owó ẹyọ mélòó kan pọ̀ mọ́ ìyẹ́, kí ẹni tí ó gbà á mọ ìtumọ̀ rẹ̀ nítorí ohun tí òun àti ọba ti jọ mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó gbé e lè má mọ̀ rárá. Ìdì ọ̀rọ̀ kò fi nǹkan kan pamọ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní irú ẹ̀rọ náà lè tú u, kí ó sì kà á.

Bí a ti ń di ẹrù ni a ń di ọ̀rọ̀ náà. Okùn wà níwájú, okùn wà lẹ́yìn: bíìtì 8 tí ó jẹ́ 01111110 ni okùn méjèèjì. Lẹ́yìn okùn iwájú ni àmì ìdánimọ̀ ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí, lẹ́yìn náà ti ẹni tí ó fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ gan-an ni ó kàn, kò sì sábà ju báìtì 256 lọ nínú ìdì kan. Báìtì 2 ni ó kẹ́yìn kí a tó kan okùn ẹ̀yìn, èyí ni mo pè ní iye àyẹ̀wò. Ẹ̀rọ tí ó fi ránṣẹ́ ti ṣe ìṣirò lórí gbogbo bíìtì tí ó wà nínú ìdì, ó sì kọ èsì ìṣirò náà síbẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó gbà á yóò ṣe ìṣirò kan náà. Bí èsì méjèèjì kò bá dọ́gba, yóò da gbogbo ìdì náà nù. Kì í gba àbọ̀ ọ̀rọ̀.

Níbí ni ó ti yàtọ̀ sí onílù. Gbogbo wa mọ̀ pé dùndún kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò sì ní fáwẹ̀lì. Ohùn nìkan ni ó ní. Nítorí náà ni onílù ṣe máa ń lo gbólóhùn tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀, tí ó sì gùn, kí etí lè fi ohun tí ó gbọ́ wá ohun tí kò gbọ́. Etí ènìyàn ni ó ń bá onílù ṣe ìyókù iṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ yìí kò ní irú etí bẹ́ẹ̀. Bíìtì kan péré tí ó bá ṣìnà ti ba báìtì 256 jẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé òun ni ìdí gbogbo àtúnṣe tí a ó ṣe sí rédíò náà.

Ẹ̀rọ náà sì mọ ìwà. Kí ó tó fọhùn, yóò kọ́kọ́ tẹ́tí bóyá ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Bí ẹlòmíràn bá ń sọ̀rọ̀, yóò dúró. Mo mọ àwọn ìpàdé ẹgbẹ́ kan tí ìwà yìí ìbá wúlò fún.

Ohùn méjì

Rédíò tí a ṣe fún ohùn ènìyàn kò mọ 0, kò mọ 1. Nǹkan tí ó bá dún ni ó mọ̀. Nítorí náà, a ní láti sọ bíìtì di ìró. Ìró méjì ni wọ́n ń lò: ọ̀kan ń gbọ̀n ní ìgbà 1200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èkejì ń gbọ̀n ní ìgbà 2200. Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù Bell ti Amẹ́ríkà ni ó ti kọ́kọ́ lo irú ìró méjèèjì yìí fún mọ́dẹ́ẹ̀mù tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 202.

Ohun tí mo rò tẹ́lẹ̀, tí ẹ̀yin náà lè máa rò, ni pé ìró ìsàlẹ̀ ni 0, ìró òkè ni 1, tàbí kí ó jẹ́ òdìkejì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí bíìtì tí ó kàn bá jẹ́ 0, ìró yóò yí padà sí èkejì. Bí ó bá jẹ́ 1, ìró yóò dúró síbi tí ó wà. Ìró kọ̀ọ̀kan kò ní ìtumọ̀ kankan ní òun nìkan. Ìtumọ̀ wà nínú ìbáṣepọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti jókòó ní kíláàsì fònọ́lọ́jì yóò rẹ́rìn-ín músẹ́ níbí. Ohùn òkè ìyá arúgbó kan lè wà nísàlẹ̀ ju ohùn ìsàlẹ̀ ọmọ ọdún 5 lọ, síbẹ̀ àwọn méjèèjì gbọ́ ara wọn yé, nítorí pé kì í ṣe bí ohùn ti ga tó ni a ń gbọ́, bí kò ṣe bí ó ti ga ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí á má fa ìfiwéra yìí ya: ohùn tiwa jẹ́ mẹ́ta, ti ẹ̀rọ jẹ́ méjì, ti ẹ̀rọ kì í sì í rẹ̀ sílẹ̀ bí gbólóhùn ti ń gùn sí i.

Ó ku ìṣòro kan. Bí 1 bá tẹ̀ lé ara wọn púpọ̀, ìró kò ní yí padà fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀rọ tí ń gbọ́ yóò sì ṣi iye wọn kà. Nítorí náà, bí 1 bá ti pé márùn-ún léra wọn, ẹ̀rọ tí ń ránṣẹ́ yóò ti 0 kan bọ àárín, èyí tí ń gbà á yóò sì yọ ọ́ dànù. Ọgbọ́n yìí kan náà ni kì í jẹ́ kí 01111110 tí ó jẹ́ okùn hàn láàrin ọ̀rọ̀.

Ohun tí a tún ṣe lára rédíò

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó wà ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ni ó mú irin ìyọ́jé dání. Èmi ni mò ń kọ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi jókòó tì wá, òun nìkan ni ó sì ń tẹ bọ́tìnnì ìsọ̀rọ̀. Rédíò àkọ́kọ́ jẹ́ irú èyí tí a ń gbé sínú ọkọ̀, ó ń lo iná bátìrì ọkọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ láàrin 144 MHz àti 146 MHz. Èkejì jẹ́ èyí tí a ń fi ọwọ́ gbé. Mo fi ti bátìrì yìí sọ nǹkan kan: bí ẹ bá rí rédíò àtijọ́ tí ń lo gílóòbù gbọ̀ǹgbọ̀, tí ó sì ń gba iná láti ara ògiri, ẹ má fi ọwọ́ kàn án láìsí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Iná inú rẹ̀ ń pa ènìyàn, kódà nígbà tí a bá ti pa á.

A kò so antẹ́nà mọ́ rédíò inú ọkọ̀ náà. Ohun tí ó ń gbé agbára rédíò mì, tí ó sì ń sọ ọ́ di ooru, ni a fi sí ipò rẹ̀, kí a má baà dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nígbà tí a bá ń dán nǹkan wò. Láàrin yàrá kan, èyí tí ó ń jò jáde lára rẹ̀ tó fún rédíò kejì láti gbọ́.

Wáyà mẹ́rin ni iṣẹ́ náà: wáyà ilẹ̀, wáyà ìró tí ń wọlé, wáyà ìró tí ń jáde, àti wáyà tí ń tẹ bọ́tìnnì ìsọ̀rọ̀ fún wa. Ó dùn ún sọ. Ìró tí kọ̀ǹpútà ń tú jáde lágbára ju ti máìkì lọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà. Bí a bá tì í wọlé bẹ́ẹ̀, ariwo ni rédíò yóò máa pa. A fi rẹsísítọ̀ méjì, 100,000 òómù àti 1,000 òómù, dín in kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú 100. Kapásítọ̀ kan wà lójú ọ̀nà kí iná tí rédíò fi ń bọ́ máìkì má baà ya bá kọ̀ǹpútà. Fún bọ́tìnnì, tiransísítọ̀ kékeré kan ni ó ń dúró fún àtàǹpàkò ẹ̀gbọ́n ìyá mi, lábẹ́ ojú rẹ̀.

Ìró tí ń jáde ni ó gba ìrònú. Ẹni tí ó bá ń kánjú lè mú un láti ihò sípíkà. Ó máa ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá kan kókó ìdínhùn, gbogbo nǹkan yí padà. A wá a lọ sẹ́yìn díẹ̀, a mú un láti orí kókó ìdínhùn náà, níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí ẹ̀rọ tí ń pa sípíkà lẹ́nu mọ́ nígbà tí kò sí ọ̀rọ̀ kò sì tíì fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rọ ìpanimọ́ yìí dára fún etí wa, nítorí pé kò sí ẹni tí ó fẹ́ máa gbọ́ ṣáá-ṣáá láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kí ó tó la ẹnu sípíkà, ìbẹ̀rẹ̀ ìdì a sì ti kọjá lọ.

Níbí ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí yé mi. Gbogbo ohun tí ó ń yọ wá lẹ́nu nínú rédíò yìí ni ẹni tí ó ṣe é ti fi síbẹ̀ láti tu ènìyàn nínú. Ẹ wo àpẹẹrẹ mìíràn. Ariwo òfuurufú máa ń pọ̀ jù láàrin ìró tí ó ga. Nítorí náà, rédíò tí ń sọ̀rọ̀ máa ń gbé ìró òkè ga sí i kí ó tó rán an jáde, èyí tí ń gbọ́ sì máa ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ padà, kí ariwo lè bá a lọ sílẹ̀. Bí a bá wọlé láti ọ̀nà máìkì, tí a sì jáde lẹ́yìn ibi ìrẹ̀sílẹ̀, ìró méjèèjì yóò dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí a bá wọlé láti ọ̀nà máìkì, tí a wá gbé ìró jáde kí ó tó dé ibi ìrẹ̀sílẹ̀, ìró 2200 yóò le ju 1200 lọ ní ìlọ́po 1.8, àwọn àpótí àtijọ́ kò sì fẹ́ràn irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí o bá gbà wọlé ni kí o gbà jáde.

Bí ìró ti yẹ kí ó tẹ́ rédíò tó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe ju bí ó ti yẹ lọ. Ìwọ̀n tí a ń fẹ́ kò ju nǹkan bí 3 kHz lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ 5 kHz ni rédíò lè lọ. Ẹni tí kò bá ní ohun ìwọ̀n yóò máa fi rédíò kejì gbọ́: kí ó máa gbé ìró sókè títí kò fi ní dún sókè mọ́, kí ó wá dín in kù sí bí ìdajì. Ẹni tí ń pariwo ní ọjà kọ́ ni wọ́n ń gbọ́ jù.

Èyí tí ó gbà wá ní àkókò jù ni ìdúró. Nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì, rédíò kì í sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Rìlé inú rẹ̀ ní láti yí láti ìgbọ́ sí ìsọ, ẹ̀rọ tí ń yan ojú ọ̀nà ní láti dúró ṣinṣin. Ẹ̀rọ tí ń di ìdì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń fúnni láyè láti yan iye ìdúró, ní ìdá ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. TXDELAY ni orúkọ rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ láti 20, kò sí ìdì kan tí ó dé. A lọ sí 30, sí 40. Ó di 60 kí gbogbo rẹ̀ tó ń dé láìyingin. Ìyẹn ni 0.6 ìṣẹ́jú àáyá tí rédíò yóò fi dákẹ́ kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ tí kò tó ìdajì ìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi wo àwòrán inú rédíò náà títí, ó wá nàka sí kapásítọ̀ kan tí ó jẹ́ 47 µF, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹsísítọ̀ 10,000 òómù, níbi tí iná ti ń wọ ẹ̀rọ máìkì. Bí a bá sọ méjèèjì di púpọ̀, 0.47 ìṣẹ́jú àáyá ni. Kí ni wọ́n fi síbẹ̀ fún? Kí máìkì lè jí díẹ̀díẹ̀, kí ó má baà dún gbì ní etí ẹni tí ń gbọ́. Ìtura etí náà tún ni. A yọ ọ́, a fi 4.7 µF rọ́pò rẹ̀. Rédíò náà ń dún gbì nísinsìnyí. TXDELAY wálẹ̀ láti 60 sí 25.

Àwọn onírédíò tí ó fẹ́ yára ju báyìí lọ ń lo 9600 bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá. Fún ìyẹn, ọ̀nà máìkì àti ọ̀nà sípíkà kò wúlò mọ́ rárá. A ní láti wọ inú ọkàn rédíò lọ, sí ibi tí ìró ti ń di ìgbì gan-an. Ọ̀pọ̀ rédíò àtijọ́ kò sì lè ṣe é, nítorí bí wọ́n ti ń yí ìgbì padà kò jẹ́ kí ìró tí ó lọ sílẹ̀ púpọ̀ kọjá.

Iye tí àmì ń jẹ

Mo wá padà sí àríyànjiyàn wa. Mo wá gbólóhùn kan tí ènìyàn lè fi ránṣẹ́ ní tòótọ́ nígbà tí àgbàrá bá ba ìlú jẹ́, tí fóònù kò sì ṣiṣẹ́: “Ẹ fi ọkọ̀ 20 ránṣẹ́.” Bí a bá yọ gbogbo àmì kúrò, ó di “E fi oko 20 ranse.” Ẹni tí ó gbà á lè fi ọkọ̀ 20 ránṣẹ́, ó sì lè fi ọkọ́ 20 ránṣẹ́. Lẹ́yìn àgbàrá, méjèèjì ni ènìyàn lè nílò, èyí tí wọ́n fẹ́ fi kó aláìsàn àti èyí tí wọ́n fẹ́ fi kó ẹrẹ̀. Kò sí ohun tí ó lè tọ́ ọ sọ́nà nínú gbólóhùn náà. Iye àyẹ̀wò tí mo sọ lókè kò lè ràn án lọ́wọ́, nítorí pé ìdì náà dé ní pípé. Láti ilé ni ọ̀rọ̀ náà ti fọ́.

Ẹ jẹ́ kí á ka báìtì, láìka àmì ìdánudúró. Èyí tí kò ní àmì jẹ́ 17. Èyí tí ó ní àmì jẹ́ 32, nítorí pé ẹ, ọ àti ṣ ń gba 3 lọ́kọ̀ọ̀kan, á ń gba 2, ọ̀ àti ẹ́ sì ń gba 5 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kíyè sí i pé é tí àwọn Faransé ń lò gba 2 péré, nítorí pé wọ́n fún un ní ilé tirẹ̀. Ọ̀ tiwa kò ní ilé tirẹ̀, ọ ni a ń kọ́kọ́ kọ, kí á tó gbé àmì lé e lórí. Mo lè bínú sí èyí, ṣùgbọ́n ìṣirò ni mo wá ṣe. 32 dín 17 jẹ́ báìtì 15. Báìtì 15 jẹ́ bíìtì 120. Lórí rédíò tí ń gbé bíìtì 1200, ìyẹn jẹ́ 0.1 ìṣẹ́jú àáyá.

Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan ni gbogbo àmì inú gbólóhùn náà jẹ. Kapásítọ̀ kan ṣoṣo tí a yọ ti dá 0.35 padà fún wa. Rédíò náà ti ń fi ju ìlọ́po mẹ́ta àmì wa ṣòfò lórí gbogbo ìdì kọ̀ọ̀kan, nítorí kí máìkì má baà dún gbì, kò sì sí ẹni tí ó pe ìyẹn ní ìnira.

Ti pé ẹ̀rọ kò fẹ́ àmì ńkọ́? Lórí kọ̀ǹpútà tí a so mọ́ rédíò inú ọkọ̀, Dire Wolf ni a lò láti di ìdì àti láti tú u, ọ̀fẹ́ sì ni. Gbólóhùn náà jáde níbẹ̀ ní pípé. Ṣùgbọ́n rédíò kejì ni a so mọ́ àpótí àtijọ́ ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí wọ́n ṣe ní àwòkọ́ṣe TNC-2. Ohun tí a rí lójú rẹ̀ nìyí:

a:8 fi a;
ka;
L 20 rC!na9#a:9L

Mo jókòó tì í ní alẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú bébà àti gègé. ASCII, tí àwọn ará Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbé jáde ní 1963, kò ní ju àmì 128 lọ, bíìtì 7 ni ó sì tó fún un. Bí wọ́n bá ti ṣe àpótí náà, bíìtì kẹjọ ni ó ń gé sọnù. Báìtì mẹ́ta tí ó jẹ́ ọ ni E1, BB àti 8D. Bí a bá gé bíìtì kẹjọ kúrò lára wọn, wọ́n di 61, 3B àti 0D. 61 ni lẹ́tà a, 3B ni àmì ;, 0D sì ni kọ́kọ́rọ́ tí a ń tẹ̀ láti bọ́ sí ìlà tuntun. Ìyẹn ni pé gbogbo ọ tí ó bá wà nínú ọ̀rọ̀ wa ń já ìlà. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ orí ọ̀ ni ó di L tí ó dá dúró yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ṣ di a9#, tí ẹ sì di a:9.

Òfin AX.25 fúnra rẹ̀ kò ní kí ẹnikẹ́ni gé bíìtì kankan. Ó ń gbé gbogbo bíìtì 8 kọjá láìbéèrè ohun tí ó wà nínú wọn. Àwọn tí ó ṣe TNC-2 pàápàá ti mọ̀ pé ẹnì kan lè fẹ́ bíìtì 8, wọ́n sì fi àṣẹ méjì síbẹ̀ fún un láti ọdún náà: AWLEN 8 àti 8BITCONV ON. A tẹ méjèèjì, a yí ètò kọ̀ǹpútà tí ó wà lẹ́yìn àpótí náà sí bíìtì 8 bákan náà. Ọkọ̀ 20 dé ní ọkọ̀ 20.

Ibì kan wà tí àmì ń jẹ nǹkan ní tòótọ́, ó sì yẹ kí n sọ ọ́. APRS, ètò tí Bob Bruninga gbé kalẹ̀, tí ọ̀pọ̀ onírédíò afẹ́ fi ń sọ ibi tí wọ́n wà, tí wọ́n sì fi ń fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́, kò gba ju 67 lọ nínú ọ̀rọ̀ kan. ASCII ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n fi òpin náà sí i. Bí ẹ̀rọ bá ń ka báìtì, gbólóhùn bíi tiwa yìí kò lè ju méjì lọ nínú rẹ̀ bí ó bá ní àmì, bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ni ìbá gbà bí kò bá ní in. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo APRS ní èdè Yorùbá yóò máa gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí méjì, yóò sì san TXDELAY ní ẹ̀ẹ̀mejì. Lórí rédíò wa, ìdúró kejì yẹn jẹ́ 0.25 ìṣẹ́jú àáyá. Ọ̀rẹ́ mi ní òun ti rí kapásítọ̀ mìíràn tí ó lè mú un wálẹ̀ sí 0.15, ẹ̀gbọ́n ìyá mi sì ti ní kí a dé nígbà ìsinmi láti yọ ọ́.